Ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ náwó lé?

Kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí a fi orúkọ bò láṣìírí ti máa ń kúrò nílé rẹ̀ ní agbègbè Ìfàkọ̀, tí yóò sì forí lé iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìkẹjà, nílùú Èkó. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò ní orúkọ kan pàtó tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá kọ̀ tí kò tẹ ìwé mọ́, òun ni wọ́n ń ké sí. Bí ọ̀gá bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, òun náà ni. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì dákú lọ́sàn-án gangan, gbogbo ojú ni yóò yí sí i bí ẹni pé òun ló mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa á. 'Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà' ni àwọn akọ̀wé ibẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ pàápàá ti ń fi pè é.

Ọdún karùn-ún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìyẹn ọdún 2021, ni iléeṣẹ́ náà gba ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán wọlé, wọ́n sì fi í ṣe ọ̀gá lé e lórí. Ohun tí ọmọbìnrin náà fi jù ú lọ kò ju ìwé-ẹ̀rí méjì lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò bá ọmọ ọlọ́mọ ṣọ̀tá. Ńṣe ló lọ yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà, tó sì kó o fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan tí pátákó rẹ̀ ń kéde pé àwọn ń kọ́ èèyàn ní MCSE, ìwé-ẹ̀rí Microsoft tí òkìkí rẹ̀ ti kàn káàkiri láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì gbáko ló sì fi ń lọ síbẹ̀ ní alaalẹ́ tó bá ti parí iṣẹ́. Ìgbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ló tó mọ̀ pé kò sí ìdánwò kankan níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021 náà ni Microsoft ti pa gbogbo ìdánwò tí wọ́n fi ń gba MCSE àti MCSA tì. Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, nítorí láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀kọ́ làwọn ń tà, pé àwọn kò ta ìdánwò fún ẹnikẹ́ni. Owó wọlé, owó kò jáde mọ́. Ọdún kan ààbọ̀ ni Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà fi san gbèsè ìwé-ẹ̀rí tí kò rí gbà.

Ìdí tí akọ̀ròyìn yìí fi gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé irú ìnáwó òfò bẹ́ẹ̀ kò ṣòro rárá láti bọ́ sí. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń bi ara wọn, pé ìwé-ẹ̀rí wo ló dára jù, ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà. Kò sí èyí tó dára jù. Èyí tó bá iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe lónìí mu, tó sì ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́la, ni ká máa wá. Ìwé-ẹ̀rí tó gbé ẹnìkan débi gíga nílé báńkì lè má wúlò ju bébà lásán lọ fún ẹlòmíràn tó ń tún kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣe ní Computer Village.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó, torí òun gan-an ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Dọ́là ni wọ́n fi ń díyelé púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò yìí. CCNA ti iléeṣẹ́ Cisco, tí í ṣe ti àwọn tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn, jẹ́ 300 dọ́là. Ní ọdún 2019, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi N360, owó yẹn kò ju N108,000 lọ, ìyẹn owó oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ó lé díẹ̀ fún ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ, N30,000 ìgbà náà. Ìjọba dá náírà dá ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí yóò sì fi di 2024, dọ́là ti kọjá N1,500. 300 dọ́là ọjọ́sí ti di N450,000 ó lé, èyí tó ju owó oṣù mẹ́fà lọ fún ẹni tó ń gba N70,000 tí ìjọba ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 2024. Bí èèyàn bá sì fìdí rẹmi, owó mìíràn ló máa san kó tó tún un ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí à ń fi gbìyànjú wò pé bóyá ó lè bọ́ sí i.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, tàbí tí kò tíì ju ọdún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, A+ ti CompTIA ni àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ jù lọ. Ọdún 1982 ni wọ́n dá CompTIA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, A+ sì ti wà láti ọdún 1993. Ìdánwò méjì ni, èèyàn sì gbọ́dọ̀ yege nínú méjèèjì. Ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n ń fúnni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè tí kò ju 90 lọ ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ dá lórí ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti bí a ṣe ń wá àléébù inú wọn. Èkejì dá lórí Windows àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ààbò, àti ìwà tó yẹ òṣìṣẹ́ níwájú oníbàárà. Oṣù kẹta ọdún 2025 ni ẹ̀yà tuntun rẹ̀ jáde, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 220-1201 àti 220-1202. Wọ́n sì pa 220-1101 àti 220-1102 tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta ìwé 1101 fún yín lónìí, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ.

Ohun kan wà nínú A+ tí mo rò pé ó níye lórí ju ìwé-ẹ̀rí náà lọ, òun ni ìlànà tí wọ́n fi ń wá ìdí ìṣòro. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó kọ̀ṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí kò kọ́ ìlànà yóò fà á kúrò lára iná, yóò tú ìdí rẹ̀, yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹni tó kọ́ ọ yóò kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀: ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ta ni kò lè tẹ̀wé, ṣé gbogbo yín ni àbí ẹnìkan, kí lẹ yí padà láàárọ̀? Lẹ́yìn náà ni yóò dá ohun kan rò pé ó ṣeé ṣe kó fà á, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó hàn sójú jù, bóyá bébà ló tán. Yóò dán ohun tó rò wò. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò tún òmíràn rò. Tó bá dá a lójú, yóò pète bí yóò ṣe tún un ṣe kó tó fọwọ́ kàn án, yóò tún un ṣe, yóò sì rí i pé gbogbo èèyàn ti ń tẹ̀wé kó tó kúrò níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe: yóò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó ṣe sílẹ̀. Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà jẹ́wọ́ fún mi pé fún ọdún márùn-ún gbáko, òun kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá, kò sí ìwé kan tó lè fi han ẹnikẹ́ni pé òun ti tún nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká A+ lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀kọ́ IT Support tí Google gbé kalẹ̀ lórí Coursera ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018. Ilé lèèyàn ti ń ṣe é, kò sí gbọ̀ngàn ìdánwò, àyè sì wà fún ẹni tí kò lówó láti kọ̀wé béèrè fún ìrànwọ́. Ó dára fún ìmọ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó ń dáhùn ìbéèrè, ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í kà á sí bíi ti A+. Ní tèmi, àtẹ̀gùn ni ẹ kà á sí. Ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè rí i wọ̀.

Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta sókè lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kó fò A+ kọjá. Ohun tó wà níbẹ̀ ló ti ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́, owó ìdánwò méjì sì pọ̀ jù fún ohun tí èèyàn ti mọ̀. Oríta ló kàn án báyìí, àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bó bá jẹ́ pé okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àpótí Cisco ló wù ú, kó kọjú sí CCNA. Láti oṣù kejì ọdún 2020 ni Cisco ti pa àwọn ẹ̀ka CCNA pọ̀ di ìdánwò kan ṣoṣo, 200-301, tí í ṣe wákàtí méjì. Ìdánwò náà le. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ka ìwé lóru ọjọ́ kan lọ ṣe, nítorí wọn yóò ní kó ṣírò bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí wẹ́wẹ́, kó sì tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti dí. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé Packet Tracer, ètò tí Cisco ṣe láti fi kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà lásán láìra àpótí kankan, ọ̀fẹ́ ni. Network+ ti CompTIA kò le tó o, kò sì so mọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú CCNA. Kí ẹnìkan má ṣe san owó méjèèjì. Ẹni tí ẹ̀rù CCNA bá ń bà lè ka ìwé Network+ láti fi múra, kó má wulẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ọ́fíìsì tó kún fún Windows lèèyàn wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, ímeèlì wọn àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé lọ sílé, Microsoft ni kó wò. Ohun tó rọ́pò MCSE àtijọ́ ni àwọn ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n pín ní ìbámu pẹ̀lú iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe. MD-102, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wà fún ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́. AZ-900 kò ju ìfáárà lọ sí ohun tí wọ́n ń pè ní cloud, ìyẹn kí iléeṣẹ́ máa yá ààyè lò lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn dípò kó ra tirẹ̀. AZ-104 sì wà fún ẹni tó fẹ́ máa ṣàkóso rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti ń ṣe ìdánwò ni Microsoft ń wò kó tó díyelé e, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni ìwé tí wọ́n fi ń múra rẹ̀ lórí Microsoft Learn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, òun ni ti àwọn ẹbí wa tó wà lókè òkun. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland yóò pe àbúrò rẹ̀ nílé pé kó lọ ṣe Security+ kíákíá, pé òun fi gba iṣẹ́ gidi. Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tí kò sọ, tí òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀, ni pé ní ọdún 2005 ni iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ààbò lórí kọ̀ǹpútà wọn, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn tàbí ti kọngílá tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fọwọ́ sí, Security+ sì wà lára wọn. Òfin ló sọ ọ́ di wúrà níbẹ̀. Òfin yẹn kò dé Ìbàdàn. Bákan náà ni ti àǹtí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ITIL ni kéèyàn gbà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ ITIL láàárín ọdún 1980 sí 1989 láti fi tò bí wọ́n ṣe ń bójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní àwọn ọ́fíìsì rẹ̀, ìdí nìyí tó fi gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní ti ITIL, a kò lè ní kò wúlò nílé, nítorí àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tó ní helpdesk ńlá mọ rírì rẹ̀. Ìdánwò ìpìlẹ̀ ITIL 4, ẹ̀yà tó jáde ní 2019, jẹ́ ìbéèrè 40 láàárín wákàtí kan, ẹni tó bá gba 26 ti yege. Ṣùgbọ́n kò kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń tún ohunkóhun ṣe. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà láti ọwọ́ ẹnìkan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń kọ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá lórí àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ló yẹ. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Kí àbúrò tó ráńṣẹ́ owó, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní ìlú tí òun ń gbé.

Bí a ṣe ń béèrè náà kò le. Kí èèyàn kó ìpolówó iṣẹ́ ogún jọ, irú iṣẹ́ tó wù ú láti ṣe ní ọdún méjì sí i, ní ìlú tó fẹ́ ti ṣe é. Kó ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ ìwé-ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá farahàn jù ni kó wò, kó sì tún wo ohun tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, torí ìgbà mìíràn wọn kì í dárúkọ ìwé-ẹ̀rí kankan, ìrírí ni wọ́n ń wá. Yóò rí CISSP nínú púpọ̀ tó jẹ mọ́ ààbò, ó sì lè wù ú. Kó rántí pé ọdún márùn-ún ìrírí nínú iṣẹ́ ààbò ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn ní CISSP, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè yọ ọdún kan kúrò fún ẹni tó ní digirí. Ti iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀: digirí tàbí HND ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò níbẹ̀. Àjọ CPN, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 1993 láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, náà sì ń bẹ.

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé-ẹ̀rí yìí máa ń kú. A+ tí èèyàn gbà ṣáájú ọdún 2011 kì í kú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fúnni láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta ni. CCNA náà, ọdún mẹ́ta. Ti Microsoft tó bá ju ti ìfáárà lọ, ọdún kan péré; ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tó máa kú ni ilẹ̀kùn sì ti ń ṣí. Ẹni tó bá ní A+, tó wá lọ gba Security+, ti sọ A+ rẹ̀ dọ̀tun nìyẹn láìtún ìdánwò ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ju ẹyọ kan lọ ní CompTIA, kó tò wọ́n sí ara wọn kí èyí tó wà lókè máa gbé ti ìsàlẹ̀ ró.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò gan-an fún èèyàn. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ìdánwò ló ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní tú ìbéèrè síta, òun kò sì ní lo èyí tí wọ́n tú. Bí àṣírí bá tú, wọ́n lè gba ìwé-ẹ̀rí náà padà, wọ́n sì lè ní kí onítọ̀hún má ṣe tún ṣe ìdánwò wọn mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn agbanisíṣẹ́ ti gbọ́n. Ẹni tó há ìdáhùn sórí kì í mọ ohun tó máa ṣe tí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdánwò, orúkọ ló máa ń dá àwa Yorùbá láàmú. Orúkọ tí èèyàn fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Pearson VUE gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lórí páálí ìdánimọ̀ rẹ̀ mu pátápátá. Ẹni tó kọ Ṣẹ́gun síbí, tí páàsì rẹ̀ ń jẹ́ Olúṣẹ́gun, lè padà sílé láìfojú kan ìbéèrè. Wọ́n máa ń gbà kí èèyàn ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò yìí láti ilé, níwájú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí iná mọ̀nàmọ́ná wa ṣe rí kò ní dán an wò. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé bá a, wọn kò fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ṣílẹ̀kùn pé òun ń wá bàbá òun, wọ́n lè dá ìdánwò náà dúró. Gbọ̀ngàn ìdánwò tó ní ẹ̀rọ amúnáwá ló sàn.

Ọ̀dọ́kùnrin tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn yìí ṣe CCNA ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Packet Tracer ló fi kọ́ ọ nílé fún oṣù mẹ́jọ, kò wọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, kò sì yáwó. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti tán nílẹ̀ nígbà náà. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan kó tó yege. Ó ti kúrò níléeṣẹ́ adójútòfò náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn kan ló ń bójú tó báyìí. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó ń kà lọ́wọ́, ó fa ìwé àjákọ kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Kì í ṣe ìwé ìdánwò. Àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó bàjẹ́ nílé ìwòsàn náà láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ ni, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe padà sípò.